"So What" lórí àwo bàbá mi: kì í ṣe D, kì í ṣe E♭

OnífèrèÌjọ kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Jáàsì ni mo bá wá síbí. Kì í ṣe jáàsì inú àdó o, jáàsì ẹlẹ́fèrè ni.

Mò ń fun tíróńpẹ́ẹ̀tì ní ìjọ wa ní Ìbàdàn, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Nígbà tí bàbá mi papò dà, àwọn àwo wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn, èyí tí wọ́n rà bọ̀ láti London nígbà tí a ò tíì bí mi. Jùjú àti háílàìfù ló pọ̀ jù nínú àwọn àwo náà, ṣùgbọ́n mo bá Kind of Blue ti Miles Davis, onífèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, láàárín wọn. Páálí rẹ̀ ti gbó, àmọ́ àwo fúnra rẹ̀ ò ha rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti jókòó tì í. Mo fẹ́ kọ́ bí Miles ṣe dá fèrè fun nínú orin àkọ́kọ́, "So What", kí n mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Ibi tí mo há sí rèé. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé nípa orin yìí ló ní orí ohùn D ló wà, pé ó máa ń sún lọ sórí E♭, bọ́tìnnì tó tẹ̀ lé D lórí kíbọ́ọ̀dù, fúngbà díẹ̀ kó tó padà sí D. Mo tún fèrè mi ṣe títí tó fi bá kíbọ́ọ̀dù dọ́gba, mo gbé àwo sí i, mo fun D. Tèmi rẹlẹ̀. Mo fun E♭, ó ga jù. Àárín bọ́tìnnì méjì ni orin yẹn jókòó sí. Èyí tó tún dà mí lọ́kàn rú ni pé kì í dúró sójú kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kàn ga díẹ̀ ju D lọ. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ó ku fíńfín kó di E♭.

Ṣé etí mi ni, ṣé fèrè ni, àbí ẹ̀rọ bàbá mi ló fẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ?

Agbọ́rinMáSùn kọ pé:

Rọ́bà inú ẹ̀rọ yẹn ló ti dẹ̀. Ẹ ra tuntun. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹlẹ́ńjìnnìỌ̀ṣogbo kọ pé:

Rọ́bà tó bá dẹ̀ kì í mú orin ga. Ó máa ń fà á wálẹ̀ ni, orin á wá máa mì bí ohùn ẹni tó mu ẹmu yó. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Arákùnrin Onífèrè, ìbéèrè kan ni mo ní: iná wo lẹ lò lọ́jọ́ Ẹtì, iná wo sì lẹ lò lọ́jọ́ Àìkú?

OnífèrèÌjọ kọ pé:

Lọ́jọ́ Ẹtì, NEPA mú iná wá. Lọ́jọ́ Àìkú kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré la tàn. Ṣùgbọ́n kí ni iná fẹ́ fi kíì orin, ohùn tí orin fi ṣe ilé, ṣe, sà?

Ẹlẹ́ńjìnnìỌ̀ṣogbo kọ pé:

Mo ti fura. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ló jẹ́ pé mọ́tò inú wọn kì í wo bí iná ṣe lágbára tó. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mọ́tò yẹn ń tẹ̀ lé. Iná tiwa àti ti Ìlú Ọba, 50 ni. Bó bá wà ní 50, àwo á yí ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, bó ṣe yẹ. Bí iná bá di 52, mọ́tò náà á sáré sí i, àwo á bá a sáré, ohùn gbogbo ẹni tó wà nínú àwo á sì gòkè.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ru ẹrù kankan, tó jẹ́ gílóòbù méjì àti ẹ̀rọ àwo ló wà lórí rẹ̀, kò ṣòro fún un láti máa sá ní 52, kódà 53. Bí tiyín bá lè gbé áyọ́ọ̀nù, ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ ó gbọ́ tí Miles á rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ká ṣírò ó. Láti bọ́tìnnì kan dé èyí tó tẹ̀ lé e lórí kíbọ́ọ̀dù, ká ka dúdú mọ́ funfun, ìyára gbọ́dọ̀ lé sí i pẹ̀lú nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. 50 tó di 52, mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ ti rin ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà láti D dé E♭, Miles ò sì tíì gbé fèrè sẹ́nu.

Àbúrò bàbá mi kan gbé ẹ̀rọ àwo bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà kan. 60 ni iná tọ̀hún. Wọ́n ra transformer tó sọ iná wa di 110 volt, wọ́n rò pé ó ti parí. Transformer ò lè sọ 50 di 60. Gbogbo àwo tí wọ́n bá gbé sí i ló ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, bọ́tìnnì mẹ́ta ni ohùn fi rẹlẹ̀, obìnrin inú orin ń kọ bí ọkùnrin. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé bí wọ́n ṣe ń kọrin ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ẹ wá inverter tó dára, èyí tí kì í kúrò lórí 50. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn sí i, kí ẹ padà wá jíṣẹ́.

BàbáÀwo kọ pé:

Mo kí Ẹlẹ́ńjìnnì, àlàyé náà já gaara. Ṣùgbọ́n inverter ò ní parí ọ̀rọ̀ yìí o, kí ọmọ yìí má lọ ta ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. Àbùkù kan wà nínú àwo yẹn fúnra rẹ̀, láti New York ló ti gbé e wá.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gba Kind of Blue sílẹ̀: 2 oṣù Kẹta àti 22 oṣù Kẹrin, ọdún 1959, nínú ilé ìgbohùn-sílẹ̀ Columbia tó wà ní 30th Street. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé náà tẹ́lẹ̀, àjà rẹ̀ ga fíofío. Ẹ ó máa gbọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ́yìn fèrè bí ẹ bá fara balẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ téèpù méjì ló ń gba orin pọ̀, ọ̀kan ni ògidì, èkejì ni àfipamọ́, bí nǹkan bá ṣe èkíní. Ẹ̀rọ ògidì yẹn ń falẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó fura.

Ibí yìí máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Bí téèpù bá ń falẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba orin sí i, ìṣẹ́jú kan orin á jókòó sórí téèpù tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá wá gbé téèpù kan náà sórí ẹ̀rọ tó ń sá bó ṣe yẹ, ibi kúkúrú yẹn á tètè kọjá, orin á yára, ohùn á ga. Ẹni tó falẹ̀ nígbà tó ń gbà á ló sọ ọ́ di eré nígbà tí a ń gbọ́ ọ. Nǹkan bí 1.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Orin mẹ́ta tí wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn ni "So What", "Freddie Freeloader" àti "Blue in Green". Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n kó sí ojú kìíní. "All Blues" àti "Flamenco Sketches" tó wà lójú kejì, oṣù Kẹrin ni wọ́n gbà wọ́n, ìyára ti pé nígbà yẹn. Nítorí náà ojú kan nínú àwo bàbá yín ga, ojú kejì dọ́gba. Láti oṣù Kẹjọ 1959 tó ti jáde ni gbogbo ayé ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. 1992 ni Mark Wilder, tó ń tún orin náà ṣe fún ìtẹ̀jáde tuntun, gbé téèpù àfipamọ́ jáde, tó sì rí i pé òun ni ìyára rẹ̀ pé.

Onífèrè, ẹ yí àwo padà. G ni "All Blues" wà. Bí G yín bá bá a mu lórí inverter, ẹ̀rọ bàbá yín kò ní àìsàn kankan. (Ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó má gbẹ́kẹ̀ lé páálí: wọ́n gbé orúkọ orin méjèèjì ojú kejì fún ara wọn. Èyí tó ń fì bí ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni "All Blues".)

Agbọ́rinMáSùn kọ pé:

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Pẹ̀lú gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n jáàsì tó wà láyé, etí gbogbo wọn di? Ẹ dákun o.

BàbáÀwo kọ pé:

Àwọn tó ń fun nǹkan tẹ̀ lé e gbọ́ ọ. Ṣebí onífèrè wa gbọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i? Oníkálukú rò pé ẹ̀rọ òun ló ń sá, á fi ọwọ́ dín ìyára rẹ̀ kù, tàbí kó ti irin fèrè rẹ̀ wọlé díẹ̀ kó lè bá wọn ga, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò fun nǹkan kan kò ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn jọ ga pọ̀ ni. Bí gbogbo ará ilé bá ga sókè ní ìwọ̀n ìka kan lóru, ta ni yóò mọ̀ láàárọ̀?

AdùrùPeckham kọ pé:

Ẹ kú àárọ̀ láti Peckham, òjò wa ń rọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mò ń tẹ dùrù ní ìjọ, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ kan kíì yẹn, nítorí pé bí a bá kàn ní "D", a ò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ fi do-re-mi kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tiyín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fi do sórí C. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti re, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì funfun nìkan: re, mi, fa, so, la, ti, do, re. Ẹ fi re ṣe ilé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí do fà yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Orí èyí ni báà mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́ "So What" dúró (àtẹ́wọ́ mẹ́rin ni báà kan). Fún báà mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ilé náà ṣí sókè bọ́tìnnì kan péré, sórí E♭. Báà mẹ́jọ tó kẹ́yìn sì gbé e padà. 32 pé, a tún un bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbé inú ilé méjì yìí. Bẹ́ẹ̀, nínú orin tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ṣe nígbà náà, kọ́ọ̀dù méjì-méjì, ìyẹn àwọn ohùn tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń fi kún inú báà kan, olórin á máa sá tẹ̀ lé e bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi jọ orin ìdùnnú, tí kò sì jọ orin òkú? Orin ọ̀fọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, la ni ilé wọn. Bí la bá jẹ́ ilé, ohùn kẹfà á bọ́ sórí fa, fa sì fara ti mi pẹ́kípẹ́kí. Àárín àwọn méjèèjì yẹn ni ẹkún máa ń gbà jáde. Bí re bá jẹ́ ilé, ohùn kẹta ṣì dúdú bíi ti ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kẹfà bọ́ sórí ti, ó jìnnà díẹ̀ sí la. Ìsàlẹ̀ ilé ṣókùnkùn, fèrèsé òkè ṣí sílẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pín in. Béèsì Paul Chambers ló ń lé orin. Dùrù Bill Evans ló kọ́kọ́ gbè é, kí àwọn fèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dara pọ̀: Miles, John Coltrane àti Cannonball Adderley. Ègbè náà ò ju ìró méjì lọ, ọ̀kan lókè, èkejì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan máa ń fi wé Amen ti òyìnbó. Àmín tiwa ń gòkè ní tirẹ̀, kò bá a mu. Létí èmi ọmọ Yorùbá, ohun tó ń wí ni "Ó tì." Béèsì á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní "Ó tì." Á tún gba ọ̀nà mìíràn wá, "Ó tì." Ẹ lọ gbọ́ ọ.

ÌyáÌbejìHouston kọ pé:

Mo gbọ́ ọ. Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi. Mo ń fọ abọ́, ó tì, ó tì, ó tì. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo ń kọ̀ fún òun.

ỌmọÀyàn kọ pé:

Kíì, kíì, kíì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ibí yìí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìlù. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe nìyí?

Mo ka ẹ̀dà tó dọ́gba lórí fóònù mi. Bí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ béèsì, nǹkan bí àtẹ́wọ́ 136 ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí àwo àtijọ́ tó ń sáré yẹn, á tó bíi 138. Ta ló lè fi ẹsẹ̀ jó ìyàtọ̀ méjì? Gbogbo orin náà á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje tètè tán, kò jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àṣìṣe ẹ̀rọ yẹn kò ba ìlù jẹ́, ohùn ló fọwọ́ kàn.

Ìtutù orin náà, ọwọ́ Jimmy Cobb, onílù wọn, ni mo kà á sí. Kò lé ẹnikẹ́ni, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ gbọ́ ibi tí ègbè parí sí tí Miles fẹ́ wọlé: Cobb lu aro kan, aro olóhùn òkè gan-an tí Sáàmù wí, ó dún, ó ń ró lọ, ó ń tán lọ, Miles sì ti gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn ju igba ìgbà lọ. Bó bá lù ú kíkankíkan jù bẹ́ẹ̀ ìjà ni, bó bá lù ú jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnìkan wọlé.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ pé ìyára ló gbé ìtutù yẹn ró, ẹ wá èyí tí Miles fun ní Philharmonic Hall ní New York, 12 oṣù Kejì 1964, tó wà lórí àwo "Four" & More. Báà 32 kan náà ni, D àti E♭ kan náà ni, ìyára rẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì. Tony Williams tó ń lu ìlù níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. "Ó tì" yín ti di ìjà ìgboro. Coltrane náà gbé ilé méjì yẹn, ó fi kọ́ "Impressions", ẹ gbọ́ bó ṣe ń jó geere nínú èyí tó fun ní Village Vanguard ní 1961. Bó bá jẹ́ kíì ló ń mú orin tutù, kí ló dé tí àwọn yẹn ń jóni lọ́wọ́?

AdùrùPeckham kọ pé:

Ọmọ Àyàn, òtítọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n o fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Èyí ti 1964 yára, ó sì gbóná, síbẹ̀ kò di orin ìyàwó. Dúdú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyára ló ń ṣe gbígbóná àti tútù, kíì ló ń ṣe àwọ̀.

Má lọ jìnnà. Orin kejì lórí àwo kan náà, "Freddie Freeloader": ọjọ́ kan náà, onílù kan náà, ìyára wọn kò jìnnà síra. Blues ni, orí B♭. Inú ẹni á dùn, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kí ló yí padà bí kì í bá ṣe ilé tí wọ́n kó lọ?

ỌmọÀyàn kọ pé:

Ẹni tó jókòó sídìí dùrù ló yí padà! Wynton Kelly ló wà níbẹ̀, kì í ṣe Evans. Kelly ń tẹ dùrù bí ẹni tó ń lu ìlù. Ẹ ti jẹ́wọ́ láìmọ̀.

AdùrùPeckham kọ pé:

Ó dáa, mo gbà á fún ẹ, ààbọ̀.

Agbọ́rinMáSùn kọ pé:

Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé tiwa ni wọ́n jí. Mo kà á pé Miles fúnra rẹ̀ ní agídìgbo ló wà lọ́kàn òun nígbà tó ń ṣe àwo yìí. Agídìgbo! Ta ló ni agídìgbo bí kì í bá ṣe Yorùbá?

BàbáÀwo kọ pé:

Má fi ìkánjú gba ohun tí kì í ṣe tìrẹ. Ó ṣẹlẹ̀ pé Miles lọ wo àwọn oníjó ilẹ̀ Guinea, Ballets Africains, ó gbọ́ ohun èlò tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta, ó sì sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ìró yẹn lòun ń lépa nígbà tí òun ń ṣe Kind of Blue, pé ọwọ́ òun kò sì tẹ̀ ẹ́ bí òun ṣe fẹ́. Ó jọ agídìgbo lóòótọ́, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará Guinea ló gbọ́, kì í ṣe ará Ìbàdàn.

Bó bá jẹ́ okùn Yorùbá lo ń wá, ọ̀dọ̀ Coltrane ni kó o lọ. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, wà ní New York nígbà náà, Columbia kan náà yìí ló gbé àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Òun àti Coltrane di ọ̀rẹ́. Coltrane sọ orin kan ní "Tunji" nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta kí Coltrane tó kú, ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ló ti fun ọ̀kan nínú àwọn ìfunfèrè rẹ̀ tó kẹ́yìn, téèpù rẹ̀ wà. Èyí ni kó o máa fi yangàn.

Agbọ́rinMáSùn kọ pé:

Mo gbà, sà. Mo dọ̀bálẹ̀.

ÌyáÌbejìHouston kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ọ̀rọ̀ tó tán. Káṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi gbà láti orí àwo ni mo fi mọ Kind of Blue, ní Surulere, mo kéré nígbà yẹn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́. Mo dé Amẹ́ríkà, mo ra CD tuntun, èyí tí wọ́n kọ sí i pé wọ́n ti tún ìyára rẹ̀ ṣe. Mo jókòó, mo gbọ́ "So What". Àyà mi já. Ó dà bíi pé ara Miles ò yá. Mo rò pé ìrántí ilé ló ń dà mí láàmú, n kò mọ̀ pé wọ́n ti fà á wálẹ̀ lóòótọ́. Òní yìí, lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́fèrè kan ní Ìbàdàn, ni mo tó mọ̀.

Èmi ò fun nǹkan kan, n kò mọ D yàtọ̀ sí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: orin tí gbogbo ayé fẹ́ràn láti 1959 títí di 1992, èwo ni? Èyí tó ga ni. Tó bá jẹ́ pé èyí tó rẹlẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ṣé gbogbo èèyàn ìbá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

BàbáÀwo kọ pé:

Mà, ìbéèrè yín wúwo, ṣùgbọ́n èmi ò ní lè gbè sí yín lẹ́yìn. Àwọn èèyàn mẹ́fà ló wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti lu orin yìí. Miles kò kọ orin sílẹ̀ fún wọn tán. Ìlà díẹ̀ ló gbé wá. Evans kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí pé wákàtí díẹ̀ ṣáájú ni Miles tó ro àwọn orin náà. Ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn, D ni. Bí èémí Miles ṣe gùn tó, bí aro Cobb ṣe pẹ́ tó kó tó kú, bí wọ́n ṣe rí gan-an ló wà lórí téèpù àfipamọ́. Èyí tó ga, ẹ̀rọ ló dá sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí èèyàn ṣe.

Àmọ́ o, mo ní àwo àtijọ́ yẹn méjì nílé, èmi náà ò sì tíì tà wọ́n.

ÌyáÌbejìHouston kọ pé:

Bàbá ti sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn.

OnífèrèÌjọ kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Mo yá inverter ọ̀rẹ́ mi kan. Mo kọ́kọ́ yí àwo padà bí Bàbá ṣe wí: "All Blues", mo fun G. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́lo, bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Ẹ̀rọ bàbá mi kò ní àìsàn. Mo yí i sí ojú kìíní, "So What", D mi tún rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni, bí ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀nà láti D dé E♭.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo tan jẹnẹrétọ̀. Ó gòkè, ó ku fíńfín kó di E♭. Mo ki áyọ́ọ̀nù ìyàwó mi bọ iná. Miles rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé mo fẹ́ lọ aṣọ ni, mo ní rárá, orin ni mò ń lọ̀. Ó wò mí títí.

Ẹlẹ́ńjìnnìỌ̀ṣogbo kọ pé:

Ìṣirò náà pé. Mẹ́rin ti jẹnẹrétọ̀ àti 1.25 ti Columbia, ó lé ní márùn-ún. Mẹ́fà ni E♭. Àwọn méjèèjì ló jọ ń tì yín gòkè láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀dà wo lẹ wá fẹ́ máa fi kọ́ ọ báyìí?

OnífèrèÌjọ kọ pé:

Ti bàbá mi ni, sà, lórí inverter. Mo ti irin fèrè mi wọlé díẹ̀ títí tí mo fi bá wọn ga dọ́gba. Mo ti mọ ojú ewé méjì àkọ́kọ́, láìsí ìwé.

Wàhálà kan ṣoṣo ló ṣẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo gbàgbé láti fa irin yẹn padà síta kí n tó lọ sí ìsìn. Orin ìyìn àkọ́kọ́ ni mo fi ga ju gbogbo ìjọ lọ. Olórí akọrin yí ojú sí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlẹ́ńjìnnìỌ̀ṣogbo kọ pé:

Ẹ ò ní iná tí ẹ máa dá lẹ́bi lọ́tẹ̀ yìí. Kíbọ́ọ̀dù ò mọ 50 yàtọ̀ sí 52.